Bí Mo Ṣe Lé Igún Kúrò Lórí Ọmọ ní Houston

Ẹ̀yin ará ilé mi, láti ìgbà tí mo ti dé lẹ ti ń dá mi dúró lójú ọ̀nà pé kí n wá ròyìn Amẹ́ríkà. Ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ yé mi: ilé gogoro, ọkọ̀ tó ń sọ̀rọ̀, òyìnbó tó ń fi ajá rẹ̀ ṣe ọmọ. Gbogbo ìyẹn wà níbẹ̀, mo sì fojú mi rí i. Àmọ́ ìtìjú ni mo gbé bọ̀ ní tèmi. Mo sì fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́, torí àbúrò mi ní fóònù, ẹnu ìyàwó rẹ̀ kò sì ní ìdérí.

Ẹ̀WÙ ONÍRUN

Ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́kọ́ dójú tì mí. Gbogbo yín lẹ ní òtútù Amẹ́ríkà máa ń gé etí. Ìyá Ṣadé tilẹ̀ fi ẹ̀wù onírun ọkọ rẹ̀ olóògbé ta mí lọ́rẹ, mo sì wọ̀ ọ́ láti ilé títí dé Houston. Nígbà tí ilẹ̀kùn gíláàsì ṣí tí mo bọ́ síta, ṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìdérí ìkòkò ẹ̀kọ lé mi lójú. Ooru náà nípọn, ó rin, òógùn sì bò mí ká tó wí ká tó fọ̀.

Akínwándé, àbúrò mi, dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó dìde, ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó béèrè bóyá àgùntàn ni mo gbé mì lọ́nà tí irun rẹ̀ fi ń yọ síta. Mo ní kó gbé ẹrù mi, kó yé sọ ìsọkúsọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ara wọn yá mọ́ni níbẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ló ń rẹ́rìn-ín sí mi, tó ń bi mí pé báwo ni mo ṣe wà. Èmi tí wọ́n fi ìkíni tọ́ dàgbà, mo máa ń dúró dáhùn. Mo máa ń ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àti pé orúnkún òsì nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Kí n tó dé ibi orúnkún, onítọ̀hún ti dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè náà kò fẹ́ ìdáhùn.

Ilẹ̀ wọn tẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́, kò sì sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Bí a ṣe ń lọ lójú ọ̀nà márosẹ̀, mo rí ẹyẹ dúdú ńlá kan lórí òpó iná, mo rí òmíràn lórí òpó tó tẹ̀ lé e. Wọ́n tẹ́ apá sí oòrùn bí ẹni tó sá agbádá. Mo wò wọ́n títí, mi ò mọ ohun tí wọ́n jẹ́, mo wá bi Akínwándé pé irú àṣá wo nìyẹn.

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláìsàn. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ ti gbàgbé igún?"

Ẹ̀yìn odò ẹran Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn alápatà ti ń pa màlúù, ni wọ́n bí èmi àti òun sí. Igún ló ń jí wa láàárọ̀ pẹ̀lú ìró ẹsẹ̀ wọn lórí páànù. Mo ṣe bí ẹni pé oorun ń kùn mí.

ILÉ MISSOURI CITY

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni Akínwándé ń ṣe ní Clear Lake, níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí òfuurufú, àmọ́ Missouri City ló kọ́lé sí, inú ọkọ̀ ló sì ti ń lo ìdajì ayé rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Fúnmiláyọ̀, ìyàwó rẹ̀. Mi ò tíì jókòó tán tó fi gbé iyán ka iwájú mi, iyán inú páálí ni o, èyí tí wọ́n ń fi omi gbígbóná rò. Mo sọ fún un pé iyán yìí kò gbọ́ ìró odó rí. Ó ní kí n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, pé bí òun bá gún iyán ládùúgbò àwọn, wọ́n á ní ẹnìkan ń pa ẹnìkan nínú ilé.

Wọ́n tún mú mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń jẹ ẹran màlúù tí èéfín ti sè fún odidi ọjọ́ kan. Mo gbádùn ibẹ̀ ju ibikíbi lọ, torí ọwọ́ ni gbogbo wọn fi ń jẹun. Bàbá òyìnbó kan tó dé fìlà gbàràgàdà rí i pé mò ń wo egungun ẹran tó ń jẹ. Ó gbé abọ́ ata rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó pè mí ní sà, ó sì ní kí n fi tọ́ ẹran mi wò. A kò gbọ́ ara wa dáadáa, àmọ́ a jọ jẹ ata náà títí imú àwa méjèèjì fi ń ṣomi.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wọn, Tinúkẹ́. Houston ni wọ́n bí i sí. Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ló ń kọ́ ní yunifásítì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀ fẹ́. Wọ́n ti ja ìjà yẹn tán kí n tó dé. Ó fi orúnkún kan kí mi bí ẹni tó ń wá yẹtí tó já bọ́, ó sì pè mí ní Dádì Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́. Yorùbá rẹ̀ kò ju ti ìkíni, ti oúnjẹ àti ti ìbáwí lọ, torí èyí tí ìyá rẹ̀ ń bá a sọ nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni ìyókù, èmi ni mò ń tú u fún yín.

Láti kékeré rẹ̀ ni mo ti máa ń pa ìtàn fún un lórí fóònù. Èyí tó fẹ́ràn jù ni ti àwọn igún odò ẹran wa, bí wọ́n ṣe máa ń rìn láàrin àwọn alápatà bíi bàbá onílé tó wá wo ilé rẹ̀. Mo rò pé ìtàn lásán ni mò ń pa. Mi ò mọ̀ pé irúgbìn ni mò ń gbìn.

INÚ ILÉ ẸṢIN

Ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ń lọ ti ra ilẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú láti fi kọ́ ilé ìsìn. Ilé ẹṣin àtijọ́ kan wà níbẹ̀, onípákó, tí òrùlé rẹ̀ ti là. Wọ́n ti fẹ́ wó o kí Tinúkẹ́ tó rí i pé igún méjì, akọ àti abo, ti yé síbẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá Alàgbà, olórí ìjọ, pé kí wọ́n jẹ́ kí ilé náà dúró títí àwọn ọmọ igún á fi lè fò.

Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn. Ìjọ wo ló fẹ́ kí igún máa gbé lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti yà sí mímọ́? Àwọn ìyá kan ní àmì burúkú ni. Àmọ́ Bàbá Alàgbà fẹ́ràn ọmọ náà, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ fún un pé ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan ibẹ̀ títí wọ́n á fi fò. Ohun tí Tinúkẹ́ ń fẹ́ láyé lákòókò yẹn kò ju èyí lọ.

Ó mú mi lọ wò wọ́n. Mo ti ń dápàárá láti inú ọkọ̀, mò ń béèrè bóyá kí n mú ẹ̀bùn ìkómọ dání. Nígbà tí a dé ẹ̀yìn ilé náà, ó fi ìka lé ètè, ó sì fi ihò kan lára pákó hàn mí pé kí n yọjú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń gbé, kò sí ìtẹ́, kò sí koríko. Òórùn ibẹ̀ kò ṣeé kó wá sọ́dọ̀ àlejò. Ìyá wọn dúró bí opó tó wọ dúdú. Orí tirẹ̀ dúdú, ó hun jọ, kò pọ́n bíi ti igún tí àwa mọ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ọmọ méjì wà níbẹ̀ tí irun wọn múlọ́múlọ́, àwọ̀ gààrí tó pẹ́ díẹ̀ jù nínú agbada. Bàbá wọn fò wọlé láti ojú fèrèsé, ó rìn bí ẹni tó wọ bàtà tó há, ó tẹ orí ba, àwọn ọmọ sì fi ẹnu bọ ẹnu rẹ̀ gba oúnjẹ tó gbé bọ̀ nínú ọ̀fun. Lẹ́yìn náà ni ìyá jáde, bàbá sì dúró. Bí wọ́n ṣe ń pín in ṣe nìyẹn. Mo mọ ọ̀pọ̀ ọkọ ní Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́ tí wọn kò gbé ọmọ wọn rí.

Tinúkẹ́ ń sọ ọ̀rọ̀ sí mi létí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ní wọ́n kì í fi ara wọn sílẹ̀, bí ọdún tilẹ̀ ń gorí ọdún. Ó ní Ọlọ́run kò fún wọn lóhùn orin rárá, kìkì èémí líle àti ìkùn ni wọ́n ní. Ó ní àìsàn tó pa màlúù, tó lè pa àwa náà, bó bá ti wọ ikùn wọn, ó parí síbẹ̀. Ibi tí wọn kò bá sí, ajá àti eku á gba ipò wọn, àìsàn náà á sì máa rìn kiri.

A jáde síta, ìyá igún sì ń bẹ lókè. Ẹyẹ tó ń rìn bí arọ nílẹ̀, ẹ wò ó lójú sánmà. Kò ju apá rẹ̀ rárá, ó kàn tẹ́ ẹ, atẹ́gùn sì ń gbé e ga, gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe ń gbé ọmọ ọba sókè kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan ilẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo dé, mi ò rí nǹkankan fi dápàárá.

Nígbà tí a ń padà lọ, ó ní òun fẹ́ wá sílé ní oṣù Kejìlá, ìgbà àkọ́kọ́ tí òun máa wá. Ó béèrè bóyá mo máa mú òun lọ sí odò ẹran lọ wo àwọn igún mi.

Mo ní, "Kí ló dé tí mi ò ní mú ẹ lọ?" Ẹnu ló yá ju ọkàn lọ.

ỌJỌ́ ÌSINMI Ọ̀PẸ

Lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, ìjọ náà ṣe ìsìn lórí ilẹ̀ yẹn, lábẹ́ tẹ́ǹtì. Èmi ọmọ Onítẹ̀bọmi, wọ́n wọ sùtánà àbúrò mi fún mi, ó sì há mọ́ mi níkùn bí àpò ìrọ̀rí. Kò sẹ́ni tó wọ bàtà. Màrìwò ọ̀pẹ wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Bàbá Alàgbà fi mí han ìjọ, ó ní àgbà ti ilé dé, ó sì fún mi ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé kí n kí wọn.

Ẹ mọ ohun tí ẹ̀rín ń ṣe fún mi. Bí ẹnìkan bá rẹ́rìn-ín, ọkàn mi kì í balẹ̀ títí ẹnìkejì náà á fi rẹ́rìn-ín. Mo ní ooru Houston yìí, Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, ó ṣìnà ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo sọ ti ẹ̀wù onírun, wọ́n ń fi màrìwò gbá ara wọn. Ibi tí mo bá a dé nìyẹn tí bàbá igún fi bà lé òrùlé ilé ẹṣin, tó tẹ́ apá méjèèjì sí oòrùn níṣojú gbogbo wa.

Gbogbo orí yí síbẹ̀. Ìyá Ìjọ, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, bi mí pé, "Ẹ̀yin tí ẹ ti ilé bọ̀, ẹ bá wa wò ó. Ṣé ohun tó dáa ni ká máa wò lọ́jọ́ òní yìí?"

Mo rí Tinúkẹ́ láàrin àwọn ẹgbẹ́ akọrin, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi díẹ̀. Ó rò pé olùrànlọ́wọ́ òun ló gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dání.

Mo ní, "Nílé tiwa, bí igún bá bà lé òrùlé, onílé kì í bá a ṣe ìpàdé. Ó máa ń tètè lé e ni, kí igún tó ní kí onílé kó jáde."

Ẹ̀rín náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé tẹ́ǹtì. Kí ó tó rọlẹ̀, ẹnìkan ti dá orin ìṣẹ́gun, ẹnìkan ti ń lu agogo, wọ́n ti ń gbé tùràrí bọ̀. Ìyá Ìjọ fi màrìwò tó tóbi jù lé mi lọ́wọ́, torí èmi ni àlejò, àlejò ló sì máa ń ṣíwájú.

Mo wo Bàbá Alàgbà. Ó wo ilẹ̀. Òun ló jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ọmọ, àmọ́ àgbà tó ti ilé dé ti sọ̀rọ̀, òun kò sì ní já ọ̀rọ̀ àlejò nírọ́ láwùjọ. Òun ń retí kí èmi tí mo dá a sílẹ̀ dá a dúró. Èmi ń retí kí òun tó ni ìjọ dá a dúró. Báyìí ni àgbà méjì ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹṣin.

Mo wọlé. Èéfín tùràrí wọlé tẹ̀ lé mi, agogo wọlé, orin wọlé. Ìyá igún dìde lórí àwọn ọmọ rẹ̀, ó fẹ̀yìn rìn títí ògiri fi dá a dúró, kò fẹ́ lọ. Mo na màrìwò sí i. Ó na ọrùn, ó sì bì gbogbo ohun tó wà ní ikùn rẹ̀ sí mi láyà. Ẹ má bi mí léèrè òórùn rẹ̀. Mo ju màrìwò nù, ẹyẹ náà gba orí mi kọjá, ó fò gba ojú fèrèsé lọ.

Láti inú òkùnkùn kọ̀rọ̀ ni ohùn kan ti wá ń ṣe fíìì, fíìì. Ẹnìkan ní ejò ni. Ẹ wá wo ìṣẹ́gun. Àwọn tó ń kọrin ṣíwájú ló ṣíwájú sísá. Alàgbà kan gba àárín ẹsẹ̀ mi kọjá, mi ò tíì mọ bó ṣe ṣe é títí di òní. Ọmọ igún tí kò tíì ní ìyẹ́ ló lé wa jáde.

Tinúkẹ́ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Yorùbá ìyá rẹ̀ ló fi bá wa wí: "Ẹ jáde. Gbogbo yín, ẹ jáde níbẹ̀. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Ẹ ò lójú àánú?"

Orin dákẹ́. Ọmọ kan kì í bá ìjọ àgbà wí. Akínwándé rí ojú àwọn èèyàn lára rẹ̀, ó sì ṣe ohun tí bàbá ọmọ máa ń ṣe. Ó ní, "Àwọn wo lò ń bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn? Kúnlẹ̀. Bẹ bọ̀dá mi."

Ó wo bàbá rẹ̀, ó wò mí. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, ó ní, "Dádì, ẹ má bínú."

Èébì ẹyẹ ń ṣàn láyà mi. Ẹnu mi wà lára mi. Mo lè sọ pé kò sí ohun tó ṣe, pé èmi ló yẹ kí n wà nílẹ̀. Gbogbo ojú ń wò mí pé kí n ṣe bí àgbà, mo sì ṣe bí àgbà. Mo fọwọ́ kàn án lórí, mo ní, "Ó ti tán, ọmọ mi. Dìde." Àwọn ìyá kí mi pé mo ṣeun, pé mo ní sùúrù. Èyí ló dùn mí jù nínú ohun tí mo ṣe ní Houston, ó tilẹ̀ dùn mí ju ti màrìwò lọ.

ÌDÚRÓ

Nígbà tí èéfín túká, Tinúkẹ́ wọlé lọ. Ó jáde pẹ̀lú ọmọ igún kan nínú gèlè rẹ̀. Kò mí mọ́. Ó ní abẹ́ màrìwò lòun ti bá a. Kò sọ pé màrìwò ta ni, èmi náà kò béèrè. Ìkejì ṣì wà ní kọ̀rọ̀, ó ń ṣe fíìì sí ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ ọn. Ó ní kí gbogbo èèyàn kúrò lórí ilẹ̀ náà, kí àwọn òbí rẹ̀ lè padà, bí wọn yóò bá padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àwọn alàgbà méjì wá sílé wa láti bẹ̀ ẹ́. Mo rò pé inú wọn bàjẹ́ nítorí ọmọ ẹyẹ. Àṣé òfin ilẹ̀ wọn ni kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan igún, ọlọ́pàá ni wọ́n ń bẹ̀rù. Tinúkẹ́ ní òun kò ní pe ẹnikẹ́ni. Ó gbé omi fún wọn, ó sì wọ yàrá lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a nídìí ọkọ̀ rẹ̀. Kò ní kí n bá òun lọ, kò sì ní kí n má bọ̀. Ó kàn sún báàgì rẹ̀ kúrò lórí ìjókòó. A gbé ọkọ̀ sí ọ̀nà jíjìn sí ilé ẹṣin náà, a sì jókòó síbẹ̀. Àwọn igún méjèèjì wà lókè, wọ́n ń yí ká, wọ́n ń yí ká, wọn kò sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tó yá, láìwò mí, ó béèrè pé, "Ti ilé ńkọ́? Ṣé báyìí náà ni wọ́n ṣe ń yí?"

Mo ní, "Mi ò rí wọn mọ́."

"Látìgbà wo?"

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bá mi dáhùn. Ta ló rí èyí tó kẹ́yìn nínú yín? Nígbà kan, kò sí òpó, kò sí igi, kò sí òrùlé odò ẹran tí wọn kì í bà lé, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń lé wọn kúrò nídìí ẹran. Ọjọ́ kan kọjá tí ọ̀kan kò wá mọ́, kò sì sẹ́ni tó gbójú sókè. Mo sọ òtítọ́ fún un. Mo ní wọ́n ń ta orí wọn lọ́jà, ti àwúre, ti kí èèyàn lè rí ọ̀la. Mo ní wọ́n ń fi májèlé sínú ẹran de wọ́n, wọ́n sì ti gé àwọn igi ńlá tí wọ́n ń sùn sí. Mo tún sọ fún un, torí mi ò mọ ìgbà tí ó yẹ kí n dákẹ́, pé àwọn baba wa ní òwe kan: a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí.

Ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó wá fi Yorùbá béèrè pé, "Ta ló wá pa wọ́n?"

Mo wo ìta. Àlejò tó bá wá láti ìlú mìíràn ì bá lè sọ pé àwọn kan ni. Àmọ́ ilé wa nìyẹn, ẹ̀yìnkùlé ibi tí wọ́n bí mi sí. Bí a bá ń sọ pé a kì í pa á, tí a sì wò ó títí ó fi tán, àwa náà kọ́?

Ó ní, "Dádì, ẹ sọ pé ẹ máa mú mi lọ wò wọ́n."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀.

Oòrùn ti gbóná kí ọ̀kan nínú wọn tó sọ̀kalẹ̀. Ó bà lé òrùlé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì bí ẹni tí wọ́n ti jà lólè rí. Ó tún fò lọ. Tinúkẹ́ di kẹ̀kẹ́ ìtọ́kọ̀ mú bí ẹni tó ń wakọ̀. Ẹyẹ náà padà. Ó bà lójú fèrèsé, ó dúró níbẹ̀ pẹ́, ó wá tẹ orí ba, ó wọlé. Nígbà náà ni Tinúkẹ́ sunkún. Mo fẹ́ gbá a mọ́ra, àmọ́ orúnkún ara mi ni mo gbé ọwọ́ lé.

ỌJỌ́ ÀJÍǸDE

Lọ́jọ́ Àjíǹde, mo bẹ Bàbá Alàgbà pé kó tún fún mi ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ṣe bí ẹni pé ara ń ni ín, àmọ́ ó fún mi. Ojú àwọn èèyàn ti ń dán kí n tó lanu. Wọ́n ti ń retí mi.

Mo ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ ni mo ṣẹ̀ lórí ilẹ̀ yìí." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọmọ yìí kúnlẹ̀ fún mi, èmi ni mo jẹ̀bi." Wọ́n túbọ̀ rẹ́rìn-ín, bàbá kan tilẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, ó ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé ẹ fara balẹ̀, ibi tó máa já sí ló dùn. Mo dúró. Mo sọ pé kò já síbì kankan. Ẹ̀rín ni wọ́n tún fi dá mi lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní aláwàdà, ẹ má rò pé ọfẹ́ ni.

Mo gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Mo rìn lọ síwájú àwọn akọrin, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Tinúkẹ́ lórí koríko, ikùn mi, sùtánà mi, irun funfun mi.

Ẹ̀rín já bí okùn. Mo gbọ́ tí Bàbá Alàgbà ní èèwọ̀ ni, àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó bí. Mo gbọ́ tí Akínwándé ń pè mí ní bọ̀dá mi, bọ̀dá mi, ọwọ́ rẹ̀ sì wà ní èjìká mi, ó ń fà mí. Mi ò dìde. Ẹni tí mo dọ̀bálẹ̀ fún ló ní ọ̀rọ̀, òun kò sì tíì sọ nǹkankan. Ó jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn.

Eèrà wà nínú koríko Houston, eèrà pupa kan tó ń jó bí iná. Wọ́n ti wọ inú apá aṣọ mi, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Tinúkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. Ó ní, jẹ́jẹ́, "Dádì Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́, ẹ dìde. Eèrà ń jẹ yín." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ gbá wọn kúrò lára mi. Kò sọ pé òun dárí jì mí. Bàbá Alàgbà bọ́ sí iwájú ìjọ, ó wo ilé ẹṣin náà, ó ní òun ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ọmọ kan, òun sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń bà á jẹ́. Ó ní kí wọ́n so okùn yí ilé náà ká. Àwọn alàgbà tó sá fún ejò ló so ó.

ILÉ

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ìyẹ́ dúdú ti ń yọ lábẹ́ irun àwọ̀ gààrí lápá ọmọ igún tó kù. Ní báyìí, Tinúkẹ́ ti fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, lórí òrùlé, láàrin bàbá àti ìyá rẹ̀, ó tẹ́ apá sí oòrùn bíi tiwọn.

Mo ti lọ sí odò ẹran wa. Mo lọ láàárọ̀, mo lọ nírọ̀lẹ́. Ajá ló wà níbẹ̀, àti eṣinṣin. Àwọn alápatà béèrè ohun tí mò ń wá lójú ọ̀run. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mo ti lọ Amẹ́ríkà gba wèrè bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ọ̀bẹ rẹ̀, òun náà wo òkè, ó ní òótọ́ ni o, kí ló ṣẹlẹ̀ sí wọn ná?

Tinúkẹ́ ṣì ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá. Mo sọ fún un pé kò sí ohun tí mo lè fi hàn án, ó ní òun á bá mi wá a. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí sí yín. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rí ẹyọ igún kan, lóko ni o, lórí àràbà ni o, lẹ́yìnkùlé ìyá arúgbó kan ni o, kó jọ̀ọ́, kó wá sọ fún mi. Kó sọ ọ́ sí mi létí. Kó má sì sọ fún ẹlòmíràn nínú wa.